Wọ́n ní ìyàwó ló fún un ní nǹkan jẹ: ẹ jẹ́ ká bi oògùn léèrè ná

Mo ṣèlérí fún yín lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ọ̀rọ̀ àwọn onílé tó ń fowó kún owó ilé lójijì la ó tún máa bá lọ. Ẹ fọwọ́ wọ́nú. Ọ̀rọ̀ onílé kò lè sá lọ, ṣebí ilé ò lẹ́sẹ̀. Lẹ́tà kan ló dé orí tábìlì mi lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí mo sì kà á tán, mi ò lè jẹun ọ̀sán.

Abilékọ kan ló kọ ọ́. Ó ní kí n má dárúkọ òun, kí n má dárúkọ ìlú òun, mi ò sì ní í dá a. Ẹ jẹ́ kí n gé e kúrú fún yín. Ọkọ rẹ̀ ní wárápá. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, dókítà kọ oògùn tó ń jẹ́ carbamazepine fún un. Wárápá rọlẹ̀, inú gbogbo ilé dùn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ibà dé, ojú ọkùnrin náà pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ẹnu rẹ̀ bó, ara rẹ̀ lé ròrò, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń ṣí bí ti ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná lé lórí. Ọlọ́run yọ ọ́, kò kú. Ṣùgbọ́n àwọn ẹbí ọkọ ní ọbẹ̀ tí ìyàwó sè ló ní májèlé nínú. Wọ́n lé e jáde tòun ti ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì gba àwọn méjì tó ti ń rìn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìparí lẹ́tà náà ló bà mí lẹ́rù jù. Ó ní wárápá náà ti tún bẹ̀rẹ̀, ìyá ọkọ òun sì ti ní kí wọ́n lọ ra oògùn ọjọ́sí wá, nítorí pé, "oògùn yẹn ṣiṣẹ́, oúnjẹ ìyàwó ni kò dáa."

Háà! Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, bí ẹ bá mọ ilé kan tí ọ̀rọ̀ wọn jọ báyìí, ẹ sáré lọ bá wọn kí ẹ tó ka ìyókù. Kí ọkùnrin náà má fẹnu kan oògùn yẹn mọ́. Mo ti kọ èsì sí abilékọ náà lọ́tọ̀, mo gbé e fún awakọ̀ kan ní gáréèjì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí ìwé ìròyìn yìí tó wọ ẹ̀rọ rárá. Èyí tó kù tí mo fẹ́ sọ, gbogbo wa ló kàn.

Ẹ ó bi mí pé, ìwọ oníwèé mẹ́wàá, ta ló sọ ẹ́ di dókítà? Ẹ ò jẹ̀bi. Mi ò kàwé oògùn, mi ò sì lè jókòó síbí kí n sọ pé báyìí báyìí ni ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí mi ò fojú rí. Dókítà ló máa sọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ti rí ara tó ń bó rí, pẹ̀lú ojú mi méjèèjì. Ẹnu mi yìí náà ló sì fẹ́ẹ̀ pa ẹni tí ara rẹ̀ bó.

Ọdún 2021 ni, nílùú Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe. Itọ̀ ń ta á, ó lọ sí ilé ìwòsàn kan, wọ́n kọ Septrin fún un, méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́, fún ọjọ́ mẹ́wàá. Oògùn gidi ni o, kì í ṣe ayédèrú. Ẹni tó kọ ọ́, dókítà gidi ni. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí ohun tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń bi mí nìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án ó pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni oníwèé ìròyìn, ara mi gbóná, ọ̀nà ọ̀fun ń dùn mí, ojú ń ta mí. Ó jọ pé oògùn yìí ò bá mi lára mu. Mo fẹ́ dá a dúró." Kí lèmi sọ? Èmi tí mo ti gbọ́ lórí rédíò pé bí èèyàn ò bá lo oògùn apakòkòrò tán, kòkòrò á gbójú sí i, oògùn ò ní ràn án mọ́. Òótọ́ sì ni wọ́n sọ lórí rédíò o. Mo ní, "Àǹtí, ẹ má dá a dúró o, ẹ parí ẹ̀. Ibà lásán nìyẹn, ẹ lo Panadol sí i." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa, ìwọ lo lọ sílé ìwé."

Ìwọ lo lọ sílé ìwé. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò létí mi.

Ó lo ti alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó lo ti ọjọ́ kẹwàá pé. Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ kọkànlá, ètè rẹ̀ ti wú, ó ń ṣẹ̀jẹ̀, kò lè gbé itọ́ mì. Àwọn àmì róbótó-róbótó ti yọ láyà rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa: àwọn ìwé òyìnbó á sọ fún yín pé àmì náà máa ń pupa. Lára òyìnbó nìyẹn. Lára àwa èèyàn dúdú, ó lè dúdú ju ara lọ ni, bí ẹni pé iná jó o láti inú, òmíràn á dà bí àwọ̀ elésè-àlùkò. Ìyẹn ni kò jẹ́ kó tètè bà wá lẹ́rù. Ẹ̀gbọ́n mi sì ń sọ pé kò yún òun, ńṣe ló ń dun òun, bíi kí ènìyàn fọwọ́ kan ojú egbò. Ẹ mú ìyẹn náà dání.

Màámi wò ó, wọ́n ní ilẹ̀ẹ́gbóná ni, ká má pariwo, ká má pe orúkọ ẹ̀. Mo ní, "Màámi, àjọ ìlera àgbáyé ti kéde láti ọdún 1980 pé ṣọ̀pọ̀ná ti tán láyé." Wọ́n ní ṣé àjọ àgbáyé ló bí òun ni. Ìyàwó onílé gbé àdín dé, wọ́n ní ká fi pa á lára kó lè tutù. Bí wọ́n ṣe fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ báyìí, awọ bá ọwọ́ wọn lọ. Ó ṣí kúrò bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù. Ìyàwó onílé figbe ta, wọ́n sáré jáde, wọn ò padà wọlé mọ́ títí a fi gbé aláìsàn kúrò nílé. Mi ò bá wọn wí. Èmi náà ì bá sá, bí kì í bá ṣe pé ẹ̀gbọ́n mi ni.

Ilé ìwòsàn ńlá la gbé e lọ lóru ọjọ́ náà. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ọmọdébìnrin ni, bóyá ló fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ. Ohun tó kọ́kọ́ bi wá kì í ṣe "kí ló jẹ," kì í ṣe "ta ló ń bá a jà." Ó ní, "Oògùn wo ló ti lò láti bí oṣù méjì sẹ́yìn?" Màámi ní kò lo oògùn kankan. Èmi ni mo wá fa páálí Septrin yọ nínú báàgì ẹ̀gbọ́n mi. Páálí náà ti ṣófo. Ó ti lò ó tán pátápátá, bí mo ṣe ní kó ṣe é.

Dókítà wo páálí, ó wo ètè aláìsàn, ó ní Stevens-Johnson ni.

Èmi rò pé orúkọ ènìyàn kan ló ń pè ni. Orúkọ ènìyàn méjì ni lóòótọ́: àwọn dókítà Amẹ́ríkà méjì, Stevens àti Johnson, tí wọ́n kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1922, lórí ọmọkùnrin méjì, ọ̀kan ọmọ ọdún 7, èkejì ọmọ ọdún 8. Lọ́dún 1956 dókítà mìíràn ní ilẹ̀ Scotland, Alan Lyell, tún kọ̀wé lórí aláìsàn mẹ́rin tí awọ wọn ṣí bíi ti ẹni tí omi gbígbóná bó. Lónìí wọ́n ti mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni méjèèjì. Bí ibi tó bó lára kò bá tó ìdá 10 nínú 100, wọ́n á pè é ní Stevens-Johnson. Bó bá ju ìdá 30 lọ, ti Lyell ni, tí wọ́n ń pè ní TEN. Nínú àwọn tí ti Lyell bá mú, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ló ń bá a lọ. Ti Stevens-Johnson kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò ju bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá lọ. Dókítà náà wọn ara ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú ojú, ó ní ìdá 18. Àárín méjèèjì ló bọ́ sí.

Mo bi í pé ṣé Septrin wá jẹ́ májèlé ni? Ó ní rárá. Ó ní àwọn ọmọ ogun tí Ọlọ́run fi sínú ẹ̀jẹ̀ wa láti máa bá kòkòrò jà ló ṣi oògùn náà mú fún ọ̀tá, wọ́n wá kọjú ìbọn sí awọ ẹni tó gbé e mì. Nínú mílíọ̀nù kan èèyàn, àwọn tó ń ṣe lọ́dún kan kò ju ẹyọ mélòó kan lọ. Nítorí náà ni ẹlòmíì ṣe lè lo Septrin fún ogún ọdún kí nǹkan kan má ṣe é, tí ẹni tó jókòó tì í á sì lò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá péré, kí ọ̀rọ̀ di ti ẹkún. Àwọn tó ní kòkòrò HIV lára ni tiwọn pọ̀ jù, nǹkan bí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ti ẹlòmíì. Àwọn náà sì ni wọ́n máa ń fún ní Septrin lójoojúmọ́ kí àìsàn mìíràn má bàa wọlé sí wọn lára. Ẹ má torí ọ̀rọ̀ mi dá a dúró láìsí nǹkan kan o! Ẹ̀mí tó gbà là pọ̀ púpọ̀. Ẹ kàn mọ àmì rẹ̀ ni.

Ohun kan tún wà tó ń tan àwa Yorùbá jẹ. Gbogbo wa la mọ ìyún chloroquine. Ta ni kò ha ara rí, tó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹ̀yìn, tó fara nu ògiri lóru nítorí oògùn ibà yẹn? Nígbà tó bá di ọjọ́ kejì ọjọ́ kẹta, ó ti tán. Ìyẹn ti jẹ́ kó mọ́ wa lára pé bí oògùn bá ń ṣe ara, ká fara dà á, yóò lọ. Ìyẹn yàtọ̀ sí eléyìí pátápátá. Ìyún chloroquine kì í bó awọ, kì í bó ẹnu, kì í mú ojú. Eléyìí kì í sáábà dé lọ́jọ́ kìíní. Láti bí ọjọ́ mẹ́rin títí dé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ oògùn ló máa ń dé, nígbà mìíràn ó lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ibà àti ọ̀fun dídùn ló máa ń ṣáájú, tí gbogbo ayé á máa pè é ní ibà lásán, bí èmi ọ̀mọ̀wé ti pè é.

Ṣé ẹ rí ọ̀sẹ̀ kẹta tí abilékọ wa kọ sínú lẹ́tà rẹ̀? Àárín ìgbà yẹn gan-an ló bọ́ sí. Carbamazepine sì wà lára àwọn oògùn tí ayé mọ̀ mọ irú iṣẹ́ yìí. Àwọn yòókù tí dókítà kà fún mi, mo kọ wọ́n sẹ́yìn ìwé: Septrin àti àwọn oògùn sulpha ìyókù; àwọn oògùn wárápá, phenytoin, phenobarbitone àti lamotrigine; allopurinol tí wọ́n fi ń tọ́jú ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó máa ń wú tó sì ń ro èèyàn lóru; nevirapine tí wọ́n ń lò fún HIV tẹ́lẹ̀ dáadáa; àti piroxicam tí àwọn kẹ́mísì máa ń já fún ara ríro bí ẹni ń já súìtì fún ọmọdé.

Lórí sulpha, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀, nítorí orúkọ rẹ̀ pọ̀ ju ti abàmì lọ. Septrin, Bactrim, co-trimoxazole, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Fansidar, Amalar, Maloxine, ọ̀kan náà ni àwọn yẹn, sulpha sì wà nínú wọn. Ẹni tí Septrin bá jà tó wá lọ ra Maloxine fún ibà, ọ̀dọ̀ àbúrò ọ̀tá ẹ̀ ló lọ sùn sí yẹn. Ṣùgbọ́n imí-ọjọ́ kọ́ là ń wí o. Màámi gbọ́ "sulpha," wọ́n gbọ́ ọ sí sulphur, wọ́n sì kó gbogbo ọṣẹ oní-imí-ọjọ́ tó wà nílé sọnù. Wọ́n fi ọṣẹ ṣòfò lásán ni. Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn tan.

Kì í sì í ṣe ẹnu òní ni ọ̀rọ̀ Fansidar. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń rìnrìn àjò wá sọ́dọ̀ wa ń lò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí ibà má bàa mú wọn. Awọ àwọn kan bó, àwọn kan kú. Àjọ CDC tó ń rí sí àrùn lọ́dọ̀ wọn ṣírò rẹ̀ pé nínú bí èèyàn 11,000 sí 25,000 tó lò ó, ẹnì kan ló ń kú, wọ́n sì dín lílò rẹ̀ kù gidigidi lọ́dún 1985. Lọ́dọ̀ tiwa, ọdún 2005 ni ìjọba fi oògùn alápapọ̀ tó ní artemisinin nínú rọ́pò chloroquine fún ibà, torí pé ibà ti gbó sí àwọn ti tẹ́lẹ̀. Àwọn aláboyún ṣì ń gba irú Fansidar yìí ní kílíníìkì, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ó sì ń dáàbò bo ìyá àtọmọ. Kí aláboyún kankan má torí mi tu tiẹ̀ dànù. Ẹni tí sulpha ti bá jà rí nìkan ni kó sọ fún nọ́ọ̀sì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Oògùn tí wọ́n fún un kò pọ̀ bí mo ṣe rò. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé wọ́n dá Septrin dúró lọ́gán. Wọ́n ní bó bá ti yá tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ìrètí á ti pọ̀ tó. Wọ́n ń fa omi sí i lára, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tí iná jó, wọ́n ń fi ọ̀rá ìpara bo ibi tó bó, wọn ò jẹ́ ká bẹ́ ìléròrò kankan, dókítà ojú sì ń wá wò ó. Lọ́jọ́ kejì nọ́ọ̀sì kan gbé ìpara iná dé, inú rere ló fi ṣe é. Dókítà obìnrin yẹn ka ara ike náà, ó ké, "Ẹ gbé e kúrò!" Sulpha wà nínú ìpara náà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ara gbogbo páálí, títí kan ti ìpara irun.

Wọ́n tún kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù aláwọ̀ ìyeyè kan ránṣẹ́ sí NAFDAC. Láti ọdún 2004 ni orílẹ̀-èdè wa ti dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń kó irú ìròyìn báyìí jọ fún àjọ ìlera àgbáyé. Èmi ò mọ̀ pé irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ wà láyé. Ẹ béèrè fún un bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan yín.

Ó wá kù síbi tí ọ̀rọ̀ abilékọ wa wà. Ìyá mi, mo ní kí ẹ mú ìwé ìròyìn yìí dání lọ bá ọkùnrin tí ẹbí ọkọ yín ń bọ̀wọ̀ fún, ìbáà jẹ́ baálé, ìbáà jẹ́ pásítọ̀ tàbí àlùfáà, kó bá yín kà á sí wọn létí. Ẹ ní kí wọ́n gbé ọkọ yín padà sílé ìwòsàn kíákíá pẹ̀lú páálí oògùn àkọ́kọ́. Wárápá kò ṣe é fi sílẹ̀ láìtọ́jú, iná àti odò ń bẹ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má lọ fúnra wọn ra phenobarbitone ní kẹ́mísì dípò rẹ̀, nítorí pé òun àti phenytoin jẹ́ mọ̀lẹ́bí carbamazepine, ẹni tí ọ̀kan bá bá jà, àwọn yòókù lè bá a jà. Oògùn wárápá mìíràn wà tí kò sí nínú ẹbí yẹn. Dókítà ló máa mú un.

Ní ti májèlé tí wọ́n ní ẹ sè: lọ́dún 2004 àwọn onímọ̀ ní Taiwan rí i pé lára àwọn Ṣáínà ibẹ̀, nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí, òun ló ń jẹ́ kí carbamazepine bó àwọn kan lára. Nǹkan yẹn gan-an kò wọ́pọ̀ lára àwa èèyàn dúdú, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ìyá ọkọ gbọ́ ọ, pé ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ bá bọ̀ láti inú ìyá àti bàbá rẹ̀ lè lọ́wọ́ nínú irú ọ̀rọ̀ yìí ju ìkòkò ọbẹ̀ aya lọ. Kí wọ́n dá àwọn ọmọ padà fún ìyá wọn.

Awọ ẹ̀gbọ́n mi ti padà. Àmì dúdú àti àmì funfun ṣì wà ní ọrùn àti àyà rẹ̀, èékánná rẹ̀ bọ́, wọ́n sì tún hù. Ojú ni kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Omi ojú rẹ̀ gbẹ, oòrùn ń ta á, dígí dúdú ló fi ń jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ń bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó ní ìwé kékeré kan nínú pọ́ọ̀sì, dókítà ló kọ ọ́, orúkọ gbogbo oògùn tí kò gbọ́dọ̀ lò ló wà níbẹ̀. Lọ́dún 2023 ibà mú un, kẹ́mísì kan dì oògùn àpòpọ̀ sínú ọ̀rá fún un, kò sí orúkọ lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ó fi páálí wọn han òun níkọ̀ọ̀kan. Ọ̀gbẹ́ni náà bínú, ó ní ṣé ó fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́ ni. Kò kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ó kó páálí jáde, ìkẹta wọn, sulpha ni.

Kí n tó kọ èyí, mo lọ bá a, mo tọrọ àyè. Ó ń ran aṣọ lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní, "Kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwọ lo ní kí n parí ẹ̀ o."

Mo ti kọ ọ́, Àǹtí.

Ọ̀rọ̀ àwọn onílé di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.